Obìnrin Aláṣọ Pupa Tó Wà Ní Kìlómítà Méjì

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí obìnrin náà, aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ni, oòrùn sì ràn wọ inú yàrá débi pé mo ní láti yí kọ̀ǹpútà kúrò lójú fèrèsé kí n tó rí i dáadáa. Aṣọ pupa ló wọ̀. Ó fi ọwọ́ kan gbé àgbọ̀n ró, ó sì ń wò mí bí ẹni tó mọ ohun tí n kò mọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé: "Ṣé o ti gbàgbé mi ni? Mo ṣì ń retí rẹ. Kìlómítà méjì péré ni mo wà sí ọ."

Kọ̀ǹpútà náà kì í ṣe tèmi. Ti Tíṣà ni, ọkùnrin tó fi òrùka sí mi níka ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, lábẹ́ igi tó wà lẹ́yìn ilé ìwé tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ó ti lọ sí ìlú mìíràn fún ẹ̀kọ́ olóṣù mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe fún àwọn olùkọ́. Bó bá ti dé ni a ó ṣègbéyàwó. Kó tó lọ, ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, pẹ̀lú ìwé ìṣirò tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ láti ọdún méjì, pé kí n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Oníka mi, kò sẹ́ni tí mo lè fún àfi ìwọ." Oníka ló máa ń pè mí, nítorí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe, ìka mi sì yá.

Ó yá lóòótọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í gba gbẹ̀rẹ́. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ojú lórí ìwé, ìka lórí bọ́tìnnì. Ẹni tó bá gbójú sókè wo kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ ń lọ, rúlà onígi á bá a lẹ́yìn ọwọ́. Ó ti di ọdún mẹ́fà, àmọ́ ẹ̀yìn ọwọ́ mi ò tíì gbàgbé rúlà yẹn. Mo lè tẹ odidi ojú ewé kan láì wo ohun tí mo ń tẹ̀. Bí nǹkan bá sì yọ lójijì tó fẹ́ dá mi dúró, ìka kékeré mi á ti tẹ bọ́tìnnì Ẹ́ńtà kí ọkàn mi tó mọ̀. Ìparí ìpínrọ̀ ni mo máa ń gbójú sókè. Ìparí ìpínrọ̀ kan nínú orí kẹrin ni mo sì ti rí i.

Mo ti ń ka ìwé ìfẹ́ láti ìgbà tí mo ti wà ní ọmọ ọdún mọ́kànlá. Wọ́n kún abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi débi pé ìyá mi kì í rí ibẹ̀ gbá. Nínú wọn, obìnrin kejì kì í kan ilẹ̀kùn. Àmì rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọlé: òórùn lọ́fínńdà tí kì í ṣe tìyàwó, fọ́nrán irun kan lára kóòtù, lẹ́tà tó jábọ́ láti inú àpò. Mo máa ń bínú sí àwọn ọmọge inú ìwé wọ̀nyẹn, pé ojú wọn kì í tètè là. Ó wá kàn mí, ó sì hàn ju òórùn lọ. Obìnrin tèmi ní ojú, ó ní aṣọ, ó tún sọ ibi tó wà.

Lọ́jọ́ kejì, ó tún dé. "O ní lẹ́tà mẹ́rin tí o kò tíì kà." Lọ́jọ́ kẹta: "Kí ló dé tí o kò dáhùn? Ọkàn mi ń gbóná." Nígbà mìíràn á yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, bí ẹni tó ń yọjú lẹ́yìn ògiri. Nígbà mìíràn, bí mo bá fẹ́ wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ojú ewé tí n kò béèrè á ṣí, á kún ojú kọ̀ǹpútà bámúbámú, òun náà nìyẹn, ó ń rẹ́rìn-ín. N kò fọwọ́ kan lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá kà wọ́n, n kò ní lè gbàgbé wọn mọ́ láyé.

Kìlómítà méjì. Láti ilé wa dé ilé ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn. Mo rìn ín lẹ́ẹ̀mejì, mo ń wo gbogbo obìnrin tó wọ pupa. Mo tẹ̀ lé ọ̀kan wọ ilé ìtajà òògùn. Nígbà tó yíjú padà, ìyá àgbà ni, ìpara orúnkún ló ń wá. Ó bi mí bóyá èmi náà ní làkúrègbé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni mo fọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ilé ìṣerun ló ní lójú pópó, kò sì sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin tí kò tíì gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó fi kóòmù sẹ́nu bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo dákẹ́, ó yọ ọ́.

"Ọkùnrin tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ìròpọ̀," ó ní, "ṣé o rò pé ẹyọ kan á tó o ni?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín."

"Mi ò fi ẹ́ ṣẹ̀sín. Inú ń bí mi ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yẹn, tó máa ń nu bàtà kó tó wọlé. Àwọn tó ń nu bàtà gan-an ni kéèyàn máa ṣọ́. Kí ni wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n ń nù?"

"Mo fẹ́ pè é. Mo fẹ́ bi í."

"Kó o bi í kí ó lè ṣe kí ni? Tó o bá bi í, á parọ́. Tó bá parọ́, wàá gbà á gbọ́, torí ohùn ẹ̀ dùn. Ṣebí mo mọ̀ ẹ́. Òrùka ni kó o dá padà. Òrùka ò ní ohùn."

Mo ń rò ó. Tíṣà pè mí lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, n kò gbé e. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: "Ṣé kò sí o? Orí kélòó lo tẹ̀ dé?" Nígbà tí mo ka ìyẹn, omi bọ́ lójú mi, nítorí ìwé ìṣirò rẹ̀ nìkan ló ń béèrè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo kọ lẹ́tà kan. Mo fi ọwọ́ kọ ọ́, n kò tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó gba òrùka rẹ̀ kó lọ fún ẹni tó wọ pupa tó ń retí rẹ̀, pé èmi kì í ṣe ojú ewé tí èèyàn ń ṣí kọjá. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi nígbà tí mo kọ ọ́. Mo bọ́ òrùka náà. Ó fi àmì róbótó sílẹ̀ níka mi, ibi tí oòrùn kò tíì pa láti oṣù mẹ́jọ. Mo fi í sínú àpòòwé pẹ̀lú lẹ́tà, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀.

Dẹ́rẹ́bà ilé ìwé Tíṣà máa ń kó ìwé lọ sí ibi ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ náà ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Aago méjì ọ̀sán ló máa ń gbéra. Aago mẹ́wàá ni mo fi àpòòwé lé e lọ́wọ́. Ó tì í bọ àpò àyà ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ṣẹ́jú sí mi.

"Lẹ́tà ìfẹ́ nìyí," ó ní. "Mo ti fi bó ṣe wúwo mọ̀ ọ́n."

Mo fẹ́ lọ sùn sílé kí n má jí títí ọdún á fi parí, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà.

"Ìyá Tíṣà á béèrè ìdí. Ṣé 'mo rí i' lo máa sọ? Jẹ́ ká gbé kọ̀ǹpútà yìí lọ bá Màmá Wáyà, kó bá wa tẹ lẹ́tà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jáde sórí pépà. Tí ìyá ẹ̀ bá ti ń sọ̀rọ̀, a ó kàn máa kà á fún un ni."

Rédíò ni Màmá Wáyà kọ́kọ́ ń tún ṣe, kí ayé tó yí padà, tí òun náà sì bá a yí. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀dì méjì lọ: wáyà tí wọ́n ká bí okùn kọ́ sára ògiri, síkúrù kéékèèké wà nínú ìdérí ìgò, ó sì fi wáyà pupa so àwò ojú ara rẹ̀ mọ́ ọrùn. Agogo ńlá kan wà lára ògiri lókè orí rẹ̀. Aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú ogún nígbà tí a wọlé.

"Ẹ káàsán, mà."

"Ẹ káàsán." Ó wo ojú èmi, ó wo ojú Ẹ̀gbọ́n mi. "Ta ló kú?"

"Ìgbéyàwó kan ló ń kú lọ, mà," Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn. "A fẹ́ kẹ́ ẹ bá wa tẹ lẹ́tà mẹ́rin jáde kó tó kú tán."

Mo ṣí kọ̀ǹpútà sórí tábìlì. Kò pẹ́ tó fi dún tin, tí obìnrin náà sì yọ ní igun ìsàlẹ̀. Mo nàka sí i.

"Òun nìyẹn, mà. Àlè àfẹ́sọ́nà mi."

Màmá Wáyà gbé àwò sójú, ó tẹ̀ síwájú, ó wò ó fínnífínní. Lẹ́yìn náà ó fẹ̀yìn ti àga.

"Háà. Obìnrin yìí."

"Ẹ mọ̀ ọ́n?" Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde dúró.

"Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ó wá síbí lọ́jọ́ Ajé, nínú kọ̀ǹpútà bàbá kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìyàwó bàbá ló gbé e wá, kò bá ọkọ ẹ̀ sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Lóṣù tó kọjá, inú kọ̀ǹpútà dókítà eléyín ló wà. Obìnrin yìí ti da ilé mẹ́ta rú ládùúgbò yìí, kò sì ní ẹsẹ̀ tó fi rìn débẹ̀."

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò wọlé.

"Mà?"

"Àwòrán ni. Ìpolówó ni. Ó lè jẹ́ pé obìnrin tí wọ́n yà gan-an ò mọ̀ pé wọ́n ń lò ó." Ó na síkúrù-dúráíbà sí ojú kọ̀ǹpútà. "Ka ibí yìí fún mi."

"Kìlómítà méjì péré ni mo wà sí ọ."

"Níbo lo ti kọ́kọ́ kà á?"

"Nílé."

"Ṣé ilé lo wà báyìí?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Àbí ó ń tẹ̀ lé wa ni?"

"Gbé e gun òkè, gbé e wọkọ̀ ojú omi lọ sáàárín òkun, kìlómítà méjì náà ló máa wà sí ẹ. Ètò kékeré kan ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí tó ń ṣe é. Ètò onípolówó ni. Tó bá ti wọlé, á máa ti ìpolówó sí ẹ lójú níbi tó ò ti béèrè. Gbogbo ìgbà tójú ẹ bá bọ́ sí i, ẹni tó ṣe é ń jèrè. Kò mọ̀ ẹ́, kò mọ àfẹ́sọ́nà ẹ, kò sì sí lẹ́tà kankan níbẹ̀."

Mo wo ìka mi. Àmì róbótó náà ń wò mí padà. Mo dìde.

"Mo ní láti rí dẹ́rẹ́bà."

Ẹ̀gbọ́n mi fà mí lápá, mo tún bá ara mi lórí àga. "Dúró ná. Aago méjì ò tíì lù. Mà, ẹ jọ̀ọ́, oníbàárà mi kan sọ pé ohun téèyàn bá ń wá lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ló máa ń tẹ̀ lé e kiri. Ẹni tó ń wá bàtà, bàtà á máa tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ń wá obìnrin ńkọ́?"

Ìbéèrè náà gún mi bí abẹ́rẹ́. Màmá Wáyà bọ́ àwò ojú rẹ̀, ó fi etí aṣọ nù ún, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

"Ìyẹn náà ń ṣẹlẹ̀," ó ní níkẹyìn. "Irú àlejò yìí kì í dédé wọlé, ẹnìkan ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Ẹ jókòó. Bá a bá ṣe ń lé e jáde, a ó rí ẹni tó ṣí i."

Ohun tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó já kọ̀ǹpútà kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. "Kó má lọ pe ẹbí ẹ̀ wá." Ó wá ṣí búráúsà, ilẹ̀kùn tí à ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, ó sì wọ ibi tí wọ́n to orúkọ àwọn tó ti gba àyè láti máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síni. Mo rò pé ẹyọ kan ni n ó rí. Mọ́kànlá ni. Orúkọ wọn kò jọ orúkọ, bí ìgbà tí ológbò bá rìn kọjá lórí bọ́tìnnì. Ó ń gba àyè náà padà lọ́wọ́ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń bá wọn wí bí ẹni ń lé adìyẹ. "Kúrò. Ìwọ náà, kúrò." Lẹ́yìn ìyẹn, ó wo àwọn àfikún tó lẹ̀ mọ́ búráúsà lára, ó rí ọ̀kan tó pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́ ọjà rírà, ó fà á yọ. Ojú ewé tí búráúsà fi ń ṣí láràárọ̀ kì í ṣe èyí tí Tíṣà fi síbẹ̀ mọ́. Ó dá a padà sí bó ṣe wà.

"Ewé nìyẹn," ó ní. "Ó ku gbòǹgbò."

Ó ṣí àkójọ gbogbo ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà, ó sì tò wọ́n bí wọ́n ṣe wọlé tẹ̀ léra, èyí tó dé kẹ́yìn lókè. Mẹ́rin ló wà lókè pátápátá, ọjọ́ kan náà sì ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọlé. Ó ka ọjọ́ náà sókè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ó tẹ nǹkan kan, wákàtí rẹ̀ náà yọ: aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú méjìlá òwúrọ̀.

"Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ta ni kọ̀ǹpútà wà?"

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí Tíṣà ti lọ kí ọjọ́ náà tó dé.

"Ọwọ́ mi ni, mà."

Ẹ̀gbọ́n mi yíjú sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún.

"Mi ò fi nǹkan kan síbẹ̀," mo ní. "Ẹyọ kan péré ni. Àwọn àmì kan wà ní orí kẹrin tí kò sí lórí bọ́tìnnì, ni mo bá wá ètò ọ̀fẹ́ kan tó lè tẹ àmì ìṣirò. Ẹyọ kan, mà, kì í ṣe mẹ́rin. Mo ní kó máa wọlé, èmi sì ń bá iṣẹ́ mi lọ."

"O ń bá iṣẹ́ ẹ lọ. Ojú ẹ wà níbo?"

"Lórí ìwé," mo ní. Mo ṣì ń fi yangàn.

Ó mi orí. Ó fa kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ra, ó ṣe nǹkan lórí rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá gbé e síwájú mi, pẹ̀lú pépà kan tó ṣàlàyé bí a ṣe ń lo áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ. "Bá mi tẹ èyí. Jẹ́ kí n rí bí ìka yẹn ṣe yá tó."

Ìtura ló jẹ́ fún mi. Nínú gbogbo ohun tó ń dà rú lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ mi nìkan ni mo ṣì mọ̀. Ojú mi wà lórí pépà, ìka mi ń sáré. Mo gbọ́ tin, mo gbọ́ tin kejì, iṣẹ́ ń lọ. Mo dé ìparí ìpínrọ̀, mo gbójú sókè.

Ẹ̀gbọ́n mi ti fi ọwọ́ bo ẹnu. Àpótí méjì ti yọ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí mo ń tẹ̀wé, wọ́n sì ti lọ. Màmá Wáyà ti ṣe é kí ohun tí wọ́n béèrè àti ohun tí mo dáhùn wà lákọsílẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ṣé o gbà kí n kó gbogbo ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yìí dànù? Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé o gbà láti fi àfẹ́sọ́nà rẹ fún Màmá Wáyà, kó di ọkọ rẹ̀ láti òní lọ? Bẹ́ẹ̀ ni."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. N kò rántí pé mo fọwọ́ kan nǹkan kan. Mo wo ìka kékeré ọwọ́ ọ̀tún mi, èyí tó ti tẹ Ẹ́ńtà lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni ń wo ìka ẹlòmíràn.

"O ti fún mi lọ́kọ," Màmá Wáyà ní. "O ṣé. Ọdún kẹwàá rèé tí mo ti ń wá ọ̀kan." Kò rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe rí ní Ìṣẹ́gun nìyẹn. Ètò tó o fẹ́ béèrè pé, ṣé kóun mú ọ̀rẹ́ òun mẹ́ta dání wọlé? O ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọkùnrin yẹn kọ́ ló pe obìnrin yìí. Ìwọ lo pè é, o fún un lága, o wá ń sunkún pé àlejò wà nílé."

Ọjọ́ mẹ́wàá ni mo fi ń wá obìnrin kan kiri ìgboro, èmi tí mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo wo agogo ara ògiri. Aago kan kọjá ìṣẹ́jú márùndínlógójì.

Mo sáré. Bàtà mi kan já lójú ọ̀nà, mo bọ́ ìkejì, mo fi ọwọ́ mú méjèèjì. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, àbààwọ́n epo nìkan ló wà níbi tí ọkọ̀ náà máa ń dúró sí.

"Dẹ́rẹ́bà?" Aṣọ́bodè na ọwọ́ sí òpópónà. "Ó ti lọ látaago kan. Ó ní taya kan ń jò, òun fẹ́ tètè gbéra kóun lè fún un ní atẹ́gùn lọ́nà."

Mo pe fóònù dẹ́rẹ́bà. Ó dún lẹ́yìn mi, lórí fèrèsé ilé aṣọ́bodè, níbi tó ti gbé e síná tó sì gbàgbé rẹ̀.

Mo fẹ̀yìn ti ògiri. Ọ̀nà kan ló kù. Mo pe Tíṣà.

Ó gbé e kíákíá. Mo gbọ́ ìró àga, mo gbọ́ ilẹ̀kùn, ó ti bọ́ síta kíláàsì. "Oníka. Ṣé àlàáfíà lo wà?"

"Àpòòwé kan ń bọ̀ lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà," mo ní. "Jọ̀ọ́, má ṣí i."

"Kí ló wà nínú ẹ̀?"

Nínú ìwé tí mò ń kà, ibí yìí ni ọmọge máa ń pa fóònù, tí á dùbúlẹ̀ àìsàn, tí ọkùnrin á fi ọkọ̀ wá a wá. N kò pa á. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: obìnrin náà, lẹ́tà mẹ́rin, ìyá onílàkúrègbé, òrùka, ìka kékeré mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́, ó ń burú sí i létí ara mi. Mo sọ ọ́ tán.

Mo retí kó pariwo. Mo tún retí kó rẹ́rìn-ín, ìyẹn ni mo sì ń gbàdúrà fún.

"Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó yé mi," ó ní, ní ohùn tó fi ń bá ọmọ tó gba òdo sọ̀rọ̀. "Àwòrán kan yọ. O ò mọ̀ ọ́n rí. O gba ohun tó sọ gbọ́. Èmi, o ti mọ̀ mí fún ọdún mẹ́ta."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mo pè ẹ́, o ò gbé e. O ò bi mí ní ẹyọ ìbéèrè kan."

"Mo rò pé wàá parọ́."

"Mo ti parọ́ fún ẹ rí?"

Mo wá inú ọdún mẹ́ta náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Rárá."

"Ìyẹn ló dùn mí. Kì í ṣe ti òrùka."

Gbogbo ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, èmi ni mo rò pé wọ́n ṣẹ̀. Mo ti sunkún ara mi dáadáa, mo ti fi gbólóhùn dídùn dá a lẹ́bi. Kò wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí máa dun jù lè jẹ́ òun.

"Má bínú," mo ní.

"Mo ń bínú. Mo ṣì máa bínú fúngbà díẹ̀. Mo ń sọ fún ẹ kó o lè gbọ́ lẹ́nu mi, kó má lọ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ló máa sọ fún ẹ." Ó mí kanlẹ̀. "Mi ò ní ṣí àpòòwé náà. Mo máa gbé e wá bó ṣe wà ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí wọ́n bá fún wa ní ìsinmi. Ìbéèrè tí mo bi ẹ́ lábẹ́ igi lọ́jọ́sí, mo máa tún un bi. Kó o tó dáhùn, kó o kà á dáadáa. Mi ò fẹ́ Ẹ́ńtà."

Nígbà tí mo padà dé ṣọ́ọ̀bù, Ẹ̀gbọ́n mi ń gbá ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò ní kó gbá. Màmá Wáyà ti yọ ètò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ó ní bí òun ṣe pa kọ̀ǹpútà tí òun tún un tàn, obìnrin náà tún yọjú lẹ́ẹ̀kan, láti inú búráúsà kejì tí Tíṣà kì í lò, níbi tó ti fara pa mọ́ bí eku sínú àpótí aṣọ àtijọ́. Òun ti fọ ìyẹn náà mọ́, òun sì ti fi ètò kan tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé tú gbogbo kọ̀ǹpútà wò láti igun dé igun. Ó so ó mọ́ íńtánẹ́ẹ̀tì padà lójú wa. A jókòó, àwa mẹ́ta, a ń wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Kò sẹ́ni tó yọ.

"Ètò àmì ìṣirò tó o fẹ́, mo ti bá ẹ gbà á níbi tí àwọn tó ṣe é gan-an ti ń fún èèyàn," Màmá Wáyà ní. "Àpótí márùn-ún ló béèrè nǹkan. Mo ka márààrún."

Lójú ọ̀nà, a ti kọjá ilé ìtajà òògùn kí Ẹ̀gbọ́n mi tó yíjú sí mi.

"Èmi ni mo ní kó o má bi í."

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́, Ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo ṣe é."

"Mi ò tún ní dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin kankan mọ́." Ó rìn díẹ̀. "Ó kéré tán, títí di Ajé."

Ọ̀sẹ̀ yẹn gùn. Ìka mi ò yá mọ́. Bí nǹkan bá yọ lójú kọ̀ǹpútà, màá dúró, màá kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bátìrì ló ń sọ pé ebi ń pa òun. Mo tẹ orí karùn-ún tán. Tíṣà pè mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó béèrè orí tí mo dé, mo sọ fún un, ó ní ó dáa.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó ń dúró dè mí lábẹ́ igi náà. Ó ti rù díẹ̀. Ó fi àpòòwé lé mi lọ́wọ́, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò yingin. Ó wá yọ pépà kan tí wọ́n ṣẹ́ sí méjì, ó fún mi.

Ó ti fi rúlà fa àpótí gbọọrọ kan sí i, irú èyí tó máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà. Lókè, ó kọ ọ́ gàdàgbà: "Ṣé o gbà láti fẹ́ ọkùnrin yìí?" Nísàlẹ̀, ó fi lẹ́tà wínníwínní kọ àwọn ìyókù, ní ọwọ́ ìkọ̀wé tí mo ti mọ̀ ju ti ara mi lọ. Pé ọkùnrin yìí máa ń hanrun. Pé ìwé ìṣirò rẹ̀ ṣì ku orí mẹ́sàn-án. Pé ẹni tí nǹkan bá rú lójú nínú àwọn méjèèjì yóò béèrè lọ́wọ́ ìkejì kó tó béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Pé ó ṣì ń bínú díẹ̀.

Mo kà á. Mo tún un kà, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó dúró, ó ń wo bàtà rẹ̀.

"Mo ní ìbéèrè lórí ìlà tó kẹ́yìn," mo ní.

"Béèrè."

"Díẹ̀ yẹn, báwo ló ṣe tó?"

Ó rò ó, bó ṣe máa ń ro gbogbo ìṣirò. "Àná, ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó na bírò sí mi. N kò gbà á. Mo gbé ojú kúrò lórí ìwé, mo wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì pẹ́ tí mo fi ń wò ó. Kò sí rúlà tó bà mí lọ́wọ́.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo ní. Ẹnu ni mo fi sọ ọ́. Ìka mi kò mira.